Èémí Aláìsàn gẹ́gẹ́ bí Ọ̀rọ̀: Lámèyítọ́ lórí Ìròyìn Ikú Òde-Ìrèlè, 2015

Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni ọ̀nà tí a gbà ròyìn ikú òjijì tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní àárín oṣù Kẹrin ọdún 2015. Ó kéré tán, ènìyàn 18 ló kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò lò ju ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn tí àìsàn hàn lára wọn. Èrò wa ni pé ìròyìn náà ka ojú aláìsàn, ó sì ka orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ka èémí rẹ̀. Irú àléébù bẹ́ẹ̀ lè wọ inú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì pẹ̀lú, bí a bá sọ àyẹ̀wò èémí di kíka oye lásán.

Ìtàn mẹ́ta lórí ikú kan

Ìtàn mẹ́ta ni a gbọ́. Àwọn kan ní ìlú sọ pé òrìṣà Malokun ló bínú, nítorí ojúbọ rẹ̀ tí a tẹ̀ lójú. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, agbẹnusọ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé oògùn apako ni àwọn fura sí. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ògógóró ni. Ìtàn kẹta yìí ni òtítọ́. Síbẹ̀, bí a bá wo ìhun wọn, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn tọ̀: ẹlẹ́bi ni wọ́n ń wá, kí a tó bèèrè ohun tí ara aláìsàn ń sọ. Àkójọ àmì tí a gbé káàkiri ni orí fífọ́, ara tó ń rù, ojú tó ń ṣe bàìbàì, àti dídákú. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, májèlé yìí sì ń ba iṣan ojú jẹ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí èémí ń sọ

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ mẹ́tánọ́ọ̀lù di ásíìdì fọ́míìkì, èyí sì máa ń gba wákàtí 12 sí 24. Bí ásíìdì bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, òṣùwọ̀n pH, tó yẹ kí ó wà láàárín 7.35 sí 7.45, yóò lọ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ yóò wá pàṣẹ fún àyà pé kí ó máa tú kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì síta, kí ásíìdì lè dínkù. Ìdí nìyí tí aláìsàn fi lè máa mí jinlẹ̀, tí ó sì ń mí kíákíá, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò sì ní àbùkù kankan. Adolf Kussmaul, oníṣègùn ilẹ̀ Jámánì, ṣàpèjúwe irú èémí yìí lára àwọn alárùn ìtọ̀ ṣúgà ní ọdún 1874. Ẹ̀rọ tí a ń fi bọ ìka lè kọ 98 nínú 100, nítorí pé ọ́síjìn kọ́ ló wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni èémí yóò sọ pé kò sí nǹkan.

Oye àti ìṣe

A ń kọ́ni pé àgbàlagbà ń mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ó dára, ṣùgbọ́n oye kò tó. Ẹni tó mí ní ìgbà 12, tó ń fa mílílítà 500 lẹ́ẹ̀kan, yóò pàdánù nǹkan bí 150 sínú ọ̀nà ọ̀fun. 4,200 ni yóò dé ibi tó wúlò. Ẹni tó mí ní ìgbà 30, tó ń fa 250 péré, 3,000 ni tirẹ̀. Èyí tó yára jù ni ó rí gbà kéré jù. Bí a ṣe ń mí ṣe pàtàkì bí iye ìgbà tí a ń mí.

Níhìn-ín ni èdè Yorùbá ti lọ́rọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó ń bá ọ̀rọ̀-ìṣe 'mí' rìn kì í ka oye. Ìṣe ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀. Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kò rí èémí rẹ̀ délẹ̀. Ẹni tó ń mí gúlegúle, àyà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kára. Ẹni tó mí kanlẹ̀ ti fà á dé ìsàlẹ̀. Ìyàtọ̀ tí mọ̀lẹ́bí bá fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe lè kọjá ohun tí nọ́ńbà kan nínú fáìlì lè sọ.

A kò fara mọ́ àwọn tó lè sọ pé èdè abínibí nìkan ti tó. 'Gúlegúle' ń sọ ìṣe, kò sọ ìdí: ẹni tó sáré, oníkọ̀ọ́ fée, ẹni tí òtútù àyà ń bá jà àti ẹni tó mu májèlé, gbogbo wọn lè jẹ́ orúkọ náà. Bákan náà, ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ wà lára ti gúúsù-ìlà-oòrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wá sí Òkìtìpupa kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni yóò gbọ́.

Ìkádìí

Àbá wa kò ju mẹ́ta lọ. Kí a máa kọ ìṣe èémí sílẹ̀ pẹ̀lú oye rẹ̀. Kí a máa bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé aláìsàn wá pé, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe é fún wa bí wọ́n ṣe ń mí," nítorí pé àfarawé kò mọ ààlà ẹ̀ka-èdè. Kí a sì máa rántí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró bá mọ́ tónítóní. Májèlé yìí ní ìtọ́jú: ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù tí dókítà wọ̀n tàbí oògùn fomepizole, báíkábọ́nétì, àti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí kò dúró de ẹni tó ń wá ẹlẹ́bi. Ní ọdún 2015 kan náà, mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ògógóró tún pa ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ìròyìn tí kò bá kọ́ni bí a ti ń mọ àìsàn yìí lára ẹni tó ṣì ń mí, àwọn òkú nìkan ni ó kà.