Yíyàn Orí nínú Ògúndá Méjì

Bí ènìyàn bá ti yan orí lọ́run, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a dá a lẹ́bi láyé? Ìtàn Oríṣẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, tí Wándé Abímbọ́lá yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ lórí lítíréṣọ̀ Ifá (1976), ni a ó fi dán ìbéèrè yìí wò.

Oríṣẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè kánjú ṣa orí fúnra wọn nílé Àjàlá. Òjò pa á, ó sì bó. Wọn kò mọ èyí tí ó sunwọ̀n. Òmìnira wo ni ó wà nínú yíyàn tí kò ní ìmọ̀?

Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, ó rúbọ, ó fún oníbodè ní iyọ̀, ó san gbèsè Àjàlá. Àjàlá fúnra rẹ̀ ni ó bá a yan orí rere. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe kàyééfì láyé, kádàrá nìkan ni ó fà yọ. Kò mẹ́nu ba iyọ̀ tàbí gbèsè.

Àwọn tí ó fi ẹsẹ yìí ṣe ẹ̀rí àyànmọ́ gba ìdáhùn Afùwàpẹ́, wọ́n gbàgbé ìrìn rẹ̀. Lójú tiwa, a kò lè dá Oríṣẹ̀ẹ́kú lẹ́bi nítorí orí tí ó gbé. Ìkánjú rẹ̀ ni ó yẹ kí ó jíhìn fún.