Orúkọ Tí A Sọ Àfòpiná: Àríwísí Lórí "Ẹ́bólà Tòmátì"

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òtítọ́ nípa ọmọ ènìyàn, ó yẹ kí ó jẹ́ òtítọ́ nípa kòkòrò pẹ̀lú, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ pé àwọn oníwèé ìròyìn ni wọ́n ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Ọ̀kan nínú irú ìsọmọlórúkọ bẹ́ẹ̀, tí ó wáyé ní ọdún 2016, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín.

Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pé ọ̀ràn tòmátì ti di pàjáwìrì. Kọmíṣánnà ètò ọ̀gbìn wọn sọ pé láàárín oṣù kan péré, àwọn àgbẹ̀ 200 ti pàdánù owó tí ó tó bílíọ̀nù kan náírà. Ilé-iṣẹ́ tòmátì Dangote ní Kánò, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún náà, dá iṣẹ́ dúró nítorí pé kò rí tòmátì lò. Ọ̀ràn ńlá ni, n kò sì sọ pé kí ìwé ìròyìn má pariwo. Ṣùgbọ́n orúkọ wo ni wọ́n fi pariwo? "Ẹ́bólà Tòmátì" ni.

Ta ni ó jẹ tòmátì náà gan-an? Labalábá òru kan ni, irú èyí tí à ń pè ní àfòpiná. Tuta absoluta ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ní 2006 ni a rí i ní Sípéènì, lẹ́yìn náà ni ó ré òkun kọjá sí Àríwá Áfíríkà, tí ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ara rẹ̀ kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni abo rẹ̀ kan lè yé ẹyin bí i 260. Ọmọ tí ó bá jáde nínú ẹyin náà yóò gbẹ́ ihò wọ àárín ewé, yóò máa jẹ ẹran ewé náà lábẹ́ awọ, yóò sì wọ inú èso lọ. Ìdí nìyí tí oògùn tí a fọ́n sójú ewé kì í fi í tètè bá a. Ẹni tí ó bá ka èyí yóò mọ ohun tí àgbẹ̀ ń bá jà. Kí ni "Ẹ́bólà" sọ fún un nínú gbogbo rẹ̀? Kò sọ nǹkan kan.

Àwa ará Èkó mọ Ẹ́bólà. Ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2014 ni ó bá ọkọ̀ òfuurufú wọlé tọ̀ wá. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú, kí àjọ ìlera àgbáyé tó kéde ní oṣù kẹwàá pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Kò tíì pé ọdún méjì tí a fi orúkọ yìí kan náà lé èso tí ń ti òkè ọya wá sí Mile 12 lórí. Ní Akówọnjọ níbi tí mo ń gbé, mo fi etí ara mi gbọ́ tí obìnrin kan ń bi ìyá alátà bóyá tòmátì rẹ̀ kò ní í pa àwọn ọmọ òun. Ìyá náà búra títí. Obìnrin náà kò rà á. Àfòpiná kò sì lè ran ènìyàn ní àrùn kankan.

Àbùkù rẹ̀ tún wá pọ̀ sí i nínú èdè wa. Kòkòrò ni à ń pe èyí tí ń fò àti èyí tí ń rá. Kòkòrò náà ni a tún ń pe ohun àìfojúrí tí ń fa àìsàn. Akọ̀ròyìn tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa ní ẹyọ kan. Bí ó bá wá so "kòkòrò" mọ́ "Ẹ́bólà", kí ni olùgbọ́ yóò rò ju pé àrùn wà nínú èso náà?

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé bí kò bá sí orúkọ tí ń bani lẹ́rù, ìjọba kì bá tí gbọ́. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo kòkòrò tí ń jẹ àgbàdo, tí àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó kéde rẹ̀ ní 2016 kan náà. Orúkọ ogun ni wọ́n ń pe òun náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń bani lẹ́rù. Síbẹ̀ ó sọ ìṣe rẹ̀, pé ó máa ń wọ́ tìrítìrí bí ọmọ ogun. Ẹ̀rù nìkan kọ́ ni mo ń bá wí, bí kò ṣe ẹ̀rù tí kò ní ìmọ̀ nínú.

Àwọn baba wa mọ orúkọ í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Àfòpiná" fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ojú rí: ó fò, ó fẹ́ pa iná. Wọn kò sì fi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan jẹ gbogbo ìdílé níyà, nítorí inú ìdílé àfòpiná yìí náà ni òwú tí a fi ń hun sányán ti ń wá. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìròyìn, bí labalábá bá ti jẹ́ ti ọ̀sán, àwòrán rẹ̀ a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó. Bí ó bá jẹ́ ti òru, kò ní orúkọ àfi lọ́jọ́ tí ó bá jalè.

Láti 1859 tí Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni a ti ń ka ìròyìn ní èdè yìí. Nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni àwọn akọ̀ròyìn àti ògbufọ̀ ọ̀la yóò ti jáde. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá tún gbé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi àgbẹ̀ léèrè ohun tí ó rí lórí ewé.