Ìṣirò Ọjọ́ Ayé: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Gott

Ìbéèrè bí ọmọ ènìyàn yóò ti pẹ́ láyé tó kì í ṣe tòní. J. Richard Gott, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, fi ìṣirò dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1993. Iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ní 1969, Gott dé ibi ògiri tó la ìlú Berlin sí méjì. Ògiri náà ti pé ọdún 8. Ó ní nígbà tí òun kò dé ibẹ̀ ní àkókò pàtàkì kankan, ó ṣeé ṣe, bí 50 nínú 100, kí ògiri náà tún lo láti ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún tó ti lò títí dé ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Èyíinì ni ọdún 2 àti oṣù 8 títí dé ọdún 24. Ní 1989, lẹ́yìn ọdún 20, wọ́n wó o. Ó wá gbé ọgbọ́n yìí lé ọmọ ènìyàn lórí. Bí a bá ti lo 200,000 ọdún, ìdánilójú 95 nínú 100 ni pé a ó tún lo ju 5,100 ọdún lọ, kò sì ní ju mílíọ̀nù 7.8 lọ. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a wá ibùgbé sí gbalasa òfuurufú, kí jàm̀bá kan ṣoṣo má baà pa gbogbo wa run.

Mo gbóríyìn fún un, nítorí àlàyé rẹ̀ mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ìṣirò náà lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ọmọ pé ọjọ́ 8. Nípa ìlànà 95 nínú 100, kò ní lò ju ọjọ́ 312 sí i! Ìyá ọmọ yóò lé wa jáde. Bàbá àgbà tó pé ọdún 80 ńkọ́? Ìṣirò ní ó lè tún lo 3,120 ọdún. Ohun tó fà á ni pé a mọ bí ẹ̀mí ènìyàn ti ń gùn tó, ìṣirò kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n sì pè wá sí ọjọ́ kẹjọ ni, a kò ṣèèṣì yà síbẹ̀. Gott fúnra rẹ̀ gbà pé a kò gbọdọ̀ lo ìlànà yìí níbi ìgbéyàwó tí wọ́n pè wá sí.

Ibẹ̀ gan-an ni èmi àti òun ti yapa. Ṣé àkókò tiwa kì í ṣe àkókò pàtàkì? Ní 1945 ni bọ́ǹbù átọ́míìkì dé. Ní 1969 ni ènìyàn tẹ òṣùpá. Kò sí ìran kan ṣáájú tó ní irú agbára méjèèjì yìí. Báwo ni a ṣe wá jẹ́ èrò ọ̀nà tó kàn ń kọjá lọ?

Ìṣirò náà kò sì rí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ní oṣù September 2022, NASA mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ kan kọ lu òkúta òfuurufú tí à ń pè ní Dimorphos, ìyípo rẹ̀ sì fi bí ìṣẹ́jú 32 dín kù. A ti ń kọ́ bí a ó ṣe yẹ ewu sẹ́yìn, ṣùgbọ́n iye tí Gott kọ sílẹ̀ kò yí padà.

Èmi kò lòdì sí ìrìn-àjò òfuurufú. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: orí ilẹ̀ níbí ni àwọn ohun ìjà náà wà.

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ilé-kéwú bá bi mí léèrè ọjọ́ tí ayé yóò parí, n ó sọ pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun nìkan ni ìmọ̀ rẹ̀ wà. N ó tún ní kí wọ́n ka iṣẹ́ Gott, kí wọ́n kọ́ ìṣirò inú rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n má sì gbé ìpinnu kankan lé e lórí.