Alùpùpù àti Ohùn Rẹ̀

Nínú ọgbà ilé mi ní Ìgbẹ́sà ni mo ti ń tún Honda Super Cub tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣe. Ọdún 1958 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní Japan. Ní 1979 ni Honda dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà nítòsí wa. Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí." Ọ̀rẹ́ mi kan ní n kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ohunkóhun. N kò fara mọ́ èrò èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Akígbe oríkì a máa fi ọ̀rọ̀ tuntun kún tàtijọ́, ṣùgbọ́n kì í yọ orúkọ ẹni tí ó ń kì. Iná fóòtì 6 kò tó fún ọ̀nà tí tírélà ń gbà lóru. Mo ti sọ ọ́ di 12. Ṣùgbọ́n ohùn ẹ́ńjìnnì ni Yorùbá gbọ́ kí wọ́n tó pè é ní alùpùpù, òun náà ni àwa ọmọ fi ń mọ̀ pé bàbá ti ń bọ̀. Àtúnṣe tó yẹ ìyìn ni èyí tó dáàbò bo ẹni tí ń gùn ún, tí kò sì pa ohùn rẹ̀ rẹ́.