Ilé Di Kíláàsì: Lámèyítọ́ Ẹ̀kọ́ Orí Rédíò fún Àwọn Ọmọ JSS àti Ẹbí Wọn Lásìkò Ọyẹ́

Ìfáàrà

Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní 2020, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí rédíò àti tẹlifíṣàn. Èkìtì ṣe é, Ọ̀ṣun ṣe é, Èkó ṣe é. Ògùn pe tirẹ̀ ní DigiClass. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tí ètò wọ̀nyí kò dé ọ̀dọ̀ wọn. A kò ní tún ìyẹn sọ. Bí a ti máa ń ṣe lámèyítọ́ eré orí ìtàgé ni a fẹ́ ṣe lámèyítọ́ ẹ̀kọ́ orí rédíò: ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Irú èdè wo ni ó ń lò? Kí ni ó ń retí lẹ́nu olùgbọ́? Èrò wa ni pé ètò náà wọ inú ilé, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣì dúró níwájú pátákó. Ọmọ nìkan ni ó rí. Kò rí ìyá, kò rí bàbá, kò rí ẹ̀gbọ́n tó jókòó ti ọmọ náà.

Àwọn ọmọ JSS ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àárín méjì ni wọ́n bọ́ sí. Wọ́n ti kọjá ọmọ tí a ń di ọwọ́ rẹ̀ mú láti kọ ABD, wọn kò sì tíì tó ẹni tí a lè fi sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Òfin UBE ọdún 2004 ka ọdún mẹ́ta wọn mọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀kùn máa ṣí lóṣù kẹjọ, 2020, àwọn tó ní ìdánwò níwájú ni a kọ́kọ́ rántí. Ọmọ JSS1 àti JSS2 ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wà nílé títí di ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá.

Ọyẹ́ àti ilẹ̀kùn títì

Àwọn ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ kò ní lè jáde, wọ́n sì ń múra sílẹ̀ dè é. Níhìn-ín, ọyẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ti ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bí títì náà ṣe ń bọ́ sí àkókò rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wọlé lóṣù kẹwàá 2020 kò tíì lo oṣù mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ fi kéde pé ilé ẹ̀kọ́ kò ní ṣí lẹ́yìn Kérésìmesì títí di ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní, 2021. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì tó tẹ̀ lé e, àwọn agbébọn kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ ní Government Science College, Kagara, ní ìpínlẹ̀ Niger tí a wà yìí. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún ti ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá, 2025, bí ọyẹ́ ti ń wọlé, wọ́n kó àwọn ọmọ St. Mary's ní Papiri, ìjọba sì tún ti ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ láti òkèèrè ti bá àrùn Kòrónà lọ, kò gbé ìpínlẹ̀ Niger.

Ilé tí a ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí lásìkò náà, irú ilé wo ni? Ní Maikunkele, ìdájí ọyẹ́ ni ọmọ ọdún méjìlá ń pọn omi, tí ó ń gbá ekuru tó dà sílé, tí ó ń ran ìyá lọ́wọ́ láti kó ọjà síta. Fóònù ilé, bàbá ló ni ín, ó sì máa ń bá bàbá jáde. Ìpínlẹ̀ yìí ló ni Kainji, Jẹ́bà àti Shiroro tí iná mànàmáná ti ń wá, síbẹ̀ rédíò alátẹ̀rí ni ó dájú jù lọ nínú ilé. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tí ó bá olùkọ́ lára mu ní sítúdíò jẹ́ aago tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Ní alẹ́, nígbà tí òtútù bá kó gbogbo ilé jọ sídìí iná, rédíò ń gbé ìpolówó òògùn jẹ̀díjẹ̀dí.

Àlejò tí kò kí onílé

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí a fetí sí, olùkọ́ a dárúkọ àkọlé lédè Gẹ̀ẹ́sì, a ka ìtumọ̀, a ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, a ka àpẹẹrẹ kìn-ín-ní, a ka èkejì, àkókò a pé. Ó ń tọ́ka sí pátákó tí ẹnì kankan kò rí. A kò dá a lẹ́bi, ìlànà-iṣẹ́ ni a kó lé e lọ́wọ́ tí a ní kó máa kà. Ṣùgbọ́n bí ó ti wọlé gan-an ni ó kọ́kọ́ dùn wá. Yorùbá kì í wọ ilé ẹni láìkí ẹni. Nínú ọyẹ́, "ẹ kú ọ̀gìnnìtìn" ni a ó kọ́kọ́ sọ kí a tó sọ ohun tó gbé wa wá. A kò gbọ́ ètò kan tó kí ìyá ọmọ. Ìyá náà sì gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú rédíò.

Ẹ wá wo ohun tí a pàdánù nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, èrè àti àdánù, tó wà nínú ìṣirò JSS. Olùkọ́ orí rédíò ka ìlànà ìṣirò rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀: iye tí a tà á, yọ iye tí a rà á, fi iye tí a rà á pín in, sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún. Nínú yàrá kan náà ni ìyá tó ń ta ìrẹsì jókòó sí. Ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀kọ́ náà tó mọ̀ ọ́n ní tirẹ̀. Bí a bá ní kí a tún un kọ, a ó ní kí olùkọ́ sọ báyìí:

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ìwọ ọmọ, pe ẹni tó bá ń tajà nínú ilé yín wá. Mo ra kóńgò ìrẹsì kan ní ₦1,200, mo tà á ní ₦1,500. Èló ni mo jẹ lérè? Ẹ jọ ṣe é." Olùkọ́ á wá dákẹ́, kí ilé lè dáhùn. "₦300 ni. Ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí mo fi rà á ni, ìyẹn 25%. Ó yá, ẹ bi ìyá yín: ṣé ₦300 yẹn náà ni ó máa wọ àpò rẹ̀?"

Ìyá yóò rẹ́rìn-ín. Yóò ní owó ọkọ̀ ńkọ́, owó ilẹ̀ ọjà ńkọ́, ọ̀rá tí a fi dì í ńkọ́. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ ₦100, iye tó ná ti di ₦1,300, èrè ti di ₦200, ọmọ sì ní ìṣirò tuntun láti ṣe, tó le ju èyí tí olùkọ́ bá a ṣe lọ.

Ìdákẹ́ náà ni a fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Onípàlọ́ kò lè máa dá pa á lọ, bí ó bá ní "Ààlọ́ o!" yóò dúró kí a dáhùn, bí ó bá sì pa àlọ́ àpamọ̀, ó di dandan kó fún wa láyè láti fi ọ̀rọ̀ wá a. Àwọn tó gbé ìṣirò lọ sórí rédíò fún àwọn ọmọ Nicaragua ní 1974 kọ ètò wọn pẹ̀lú irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ á pariwo ìdáhùn kí ohùn tó máa lọ. Ó yà wá lẹ́nu pé àwa tí a ni àlọ́ ni a ń ka ìwé láìdánudúró sétí ọmọ.

Èdè ta ni?

Àwọn kan yóò ní kí a ṣáà fi Yorùbá kọ́ wọn, ó parí. Àwa náà fẹ́ràn ìdáhùn yẹn, ẹ̀rí sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ rẹ̀, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹni tó bá sì ní kò sí ọ̀rọ̀, ìwé èdè-ìperí tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti wà láti 1984. Ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 gbè wá lẹ́sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n tó fagi lé e lóṣù kọkànlá, 2025, oṣù kan náà tí ilé ẹ̀kọ́ tì níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n Maikunkele kò jẹ́ kí a fi ìdáhùn yẹn sùn. Gbagyi ni èdè onílẹ̀, Hausa ni èdè ọjà, Nupe wà níbẹ̀, àwa Yorùbá tí ojú irin àti òwò gbé dé agbègbè Minna sì wà níbẹ̀. Bí a bá fi Yorùbá nìkan kọ́ ọmọ Gbagyi nínú ilẹ̀ baba rẹ̀, kí ni a fi sàn ju ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ tiwa? Ohun tí a rò pé ó ṣeé ṣe ni pé kí kókó iṣẹ́ wà ní èdè tí ọmọ máa fi ṣe ìdánwò, kí ìkíni, ìbéèrè fún ilé àti iṣẹ́ àṣetiléwá wà ní èdè ilé, ìṣẹ́jú méjì méjì fún èdè kọ̀ọ̀kan. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àwọn darandaran ti fọ̀nà hàn wá láti àwọn ọdún 1990 pẹ̀lú ètò rédíò wọn lédè Hausa, *Don Makiyaya a Ruga*: fún darandaran nínú gáà rẹ̀. Orúkọ ètò náà nìkan ti mọ ibi tí olùgbọ́ jókòó sí.

Ọwọ́ tiwa

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn olùkọ́, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo èyí ti ń bọ̀. Bí a bá lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ NCE lẹ́nu ìfiṣẹ́kọ́ra, a ń wo pátákó rẹ̀, ìmúra rẹ̀, àti bí ó ṣe ń darí kíláàsì. Kò sí ibì kan nínú fọ́ọ̀mù wa tí a ti ń béèrè bóyá ó lè bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀, tàbí bóyá ó lè kọ́ ẹni tí kò rí i. Ẹ̀ka Yorùbá sì ní irinṣẹ́ rẹ̀: ìkíni, àlọ́, ọ̀rọ̀ àgbọ́yé. À ń kọ́ wọn fún ìdánwò lítíréṣọ̀, a kì í fi wọ́n lé olùkọ́ ìṣirò lọ́wọ́.

A dá a lábàá pé láti sáà tó ń bọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì kan jọ kọ ẹ̀kọ́ rédíò ogún ìṣẹ́jú fún JSS, kí wọ́n gbà á sórí fóònù, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé kan gidi ní alẹ́. Kí ẹni tó ń fún wọn ní máàkì bá wọn lọ, kó jókòó sídìí iná pẹ̀lú ẹbí náà, kó sì máa kọ iye ìgbà tí ìyá dá sí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.