Ohùn Tó Ń Bèèrè Pete: Lórí Wíwá Orin Rọ́ọ̀kì Kiri Inú Àká Tẹlifíṣọ̀n Ẹkùn

Ní ọ̀sán ọjọ́ 22, oṣù kẹjọ, ọdún 1962, àwọn òṣìṣẹ́ Granada, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó fi Manchester ṣe ibùjókòó, gbé kámẹ́rà àti iná sọ̀kalẹ̀ wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní òpópónà Mathew ní Liverpool. Cavern ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Bíríkì ni wọ́n fi mọ àjà rẹ̀, kò ga, ó sì tẹ̀ lórí èèyàn bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ló wà lórí pèpéle, àwọn The Beatles. “Love Me Do” kò tíì jáde. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Ringo Starr tíì lò nídìí ìlù wọn, àwọn ará ibẹ̀ kò sì tíì gbàgbé Pete Best, onílù tí wọ́n lé dànù. Wọ́n kọ “Some Other Guy”. Bí gìtá ṣe dákẹ́, ohùn kan ta jáde láàárín èrò: Pete ló ń fẹ́.

Granada wo fíìmù náà, wọ́n ní kò dára tó láti fi han aráyé, wọ́n bá gbé e tì. Ìgbà tí òkìkí ẹgbẹ́ náà kàn ní 1963 ni wọ́n tó lọ gbé e jáde. Ẹ jẹ́ ká wá fi ìyẹn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1962 kan náà. Ní ọjọ́ yẹn ni The Beatles kọ́kọ́ yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú ètò People and Places, ní sítúdíò Granada gan-an. Iná tó yẹ wà níbẹ̀, kámẹ́rà tó péye wà níbẹ̀, àwọn ará àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wò ó nílé wọn bí ó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Lónìí, kò sí fíìmù tàbí téèpù ìṣeré náà tí a mọ̀.

Èyí tí wọ́n kọ̀ ló kù. Èyí tí wọ́n gbà ti lọ.

Orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ jókòó lé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ lámèyítọ́ nípa orin rọ́ọ̀kì ń ṣe bí ẹni pé ìṣeré tó dára ló máa ń pẹ́ láyé, tí èyí tí kò dára sì máa ń ṣègbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó sábà ń gba ìṣeré là ni iṣẹ́ mìíràn tí ẹnìkan fẹ́ fi í ṣe, yálà iṣẹ́ náà kan orin tàbí kò kàn án. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá a kò gbọdọ̀ tọ ipa òkìkí. Ipa ìlò ni kó tọ̀.

Ẹni tó bá mọ ìtàn WNTV, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ẹkùn. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló dá a sílẹ̀ fún àwọn èèyàn tirẹ̀, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣòwò ni wọ́n pín ẹkùn fún. ITV, tẹlifíṣọ̀n àwọn oníṣòwò náà, bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1955. Granada gba Àríwá, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1956. Tyne Tees wà ní Newcastle, Southern wà ní Southampton. Ohun tí wọ́n ń wò ní Manchester ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ lè má dé London láéláé. Ìwé ìròyìn TVTimes pàápàá ní ẹ̀dà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn ẹkùn nígbà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ń ṣìnà: wọn a ṣí ẹ̀dà London, wọn kò ní rí orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń wá, wọn a sì ní ìṣeré náà kò wáyé rí.

Ó yẹ ká mọ ara nǹkan tí ìṣeré wà lórí rẹ̀. Téèpù fídíò tí ilé-iṣẹ́ Ampex gbé jáde ní 1956 fẹ̀ tó íńṣì méjì, ó wúwo, ó sì wọ́n bí ojú. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ṣé é nù bíi sílétì ọmọ iléèwé: orin wà lórí rẹ̀ lánàá, eré bọ́ọ̀lù wà lórí rẹ̀ lónìí. Fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bu ú jẹ, ojú àpá kò lè jọ ojú ara mọ́. Ìdí nìyí tí fíìmù inú Cavern fi wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò kà á sí. Kò sẹ́ni tó lè nù ún kó ya nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Ètò tó lọ tààrà láti sítúdíò sí ilé àwọn èèyàn ní tirẹ̀ kò ní ara rárá, àfi bí ẹnìkan bá gbé kámẹ́rà fíìmù síwájú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, kó sì ya ohun tó ń kọjá lójú rẹ̀. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ ta ètò náà sí ilẹ̀ òkèèrè. Owó ọjà ló gba ọ̀pọ̀ irú wọn là.

Àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ kì í ṣe ti ẹkùn, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1973, David Bowie kọ “The Jean Genie” fún ètò Top of the Pops ti BBC, wọ́n fi í hàn lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n nu téèpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n John Henshall, ọ̀kan nínú àwọn tó di kámẹ́rà mú lọ́jọ́ náà, ní dígí àkànṣe kan tó ń fẹ ojú àwòrán tó sì ń yí i po. Ó gba ẹ̀dà tirẹ̀ torí ó fẹ́ ní ẹ̀rí iṣẹ́ tí dígí rẹ̀ lè ṣe. Ọdún 2011 ni ẹ̀dà náà tó hàn sí gbangba. Ìfẹ́ dígí ló gba Bowie là. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Upbeat, ètò ilé-iṣẹ́ WEWS ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, sún mọ́ èyí, ó sì bani nínú jẹ́ jù ú lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ olórin gba ibẹ̀ kọjá láàárín 1964 sí 1971, téèpù tó sì kù kò tó nǹkan. Otis Redding kọrin níbẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1967. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ já sínú adágún Monona ní Wisconsin. Téèpù ọjọ́ yẹn ṣì wà. Mo gbà pé ikú ló sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè nù.

Bí olùwádìí bá wá dé ilé ìpamọ́, irú bíi North West Film Archive ní Manchester tàbí MACE ní Lincoln, agolo ló máa bá. Agolo pẹlẹbẹ ni, tí a lẹ ìwé mọ́ lórí, tí akọ̀wé yàrá ìròyìn fi bírò kọ nǹkan sí. Orúkọ olórin lè má sí níbẹ̀. “Ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́” ni wọ́n lè kọ, tàbí orúkọ gbọ̀ngàn, tàbí déètì lásán. Fíìmù ìròyìn, mìlímítà 16, kì í sábà ní ẹ̀dà kejì. Èyí tó wà nínú kámẹ́rà náà ni wọ́n fọ̀, tí wọ́n gé, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sáfẹ́fẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Bí wọ́n bá ya orin ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí ìròyìn sì fẹ́ ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, ìyókù di àjákù abẹ́ tábìlì.

Ohùn tún jẹ́ wàhálà tirẹ̀. Nígbà mìíràn ó wà lórí ìlà tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù, nígbà mìíràn ó wà lórí okùn mìíràn nínú agolo mìíràn. Bí agolo méjì yìí bá pínyà, a ó rí olórin tó ń la ẹnu, tí iṣan ọrùn rẹ̀ le, tí onílù ń ju apá, tí gbogbo rẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Ẹni tó bá mọ orin dunjú a máa wo ìka lórí ọrùn gìtá láti fi dá orin náà mọ̀. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni mo ka ìyẹn sí, ó sì le ju kíkọ èrò ẹni sílẹ̀ lórí àwo tó ti jáde. Bí wọ́n bá ṣí agolo mìíràn sì rèé, òórùn ọtí kíkan ni yóò kọ́kọ́ gbọnni. Ó túmọ̀ sí pé fíìmù náà ti ń jẹra, ó ti ń ká kò, ọjọ́ tó kù fún un kò pọ̀.

Bí ilé-iṣẹ́ bá sì pàdánù ìwé àṣẹ, bíi Southern ní ìparí 1981 tàbí TVS tó gbapò rẹ̀, tí òun náà lọ ní ìparí 1992, àkójọ rẹ̀ a máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Fíìmù lè wà, kí ìwé tó sọ ẹni tó ni ín má sí.

Ní Jámánì, Radio Bremen, tó wà lára àwọn tó kéré jù lọ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ẹkùn wọn, bẹ̀rẹ̀ ètò orin Beat-Club ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1965, wọ́n sì pa púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí Bremen fi máa ń kún inú fíìmù nípa rọ́ọ̀kì ìgbà náà. Ìlú tó pa nǹkan mọ́ ló ń di ìlú tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó yẹ kí àwa òǹkọ̀wé máa rántí èyí ká tó pe ìlú kan ní ojúbọ rọ́ọ̀kì.

Kí wá ni ẹkùn fún ìṣeré tí gbogbo orílẹ̀-èdè kò lè fún un? Ẹ wo Joy Division, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan láti agbègbè Manchester. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, Tony Wilson, akọ̀ròyìn àti atọ́kùn ètò ní Granada, fi wọ́n hàn nínú Granada Reports. Ètò ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ni, ètò àwọn tó ń jẹun alẹ́ lọ́wọ́. “Shadowplay” ni wọ́n kọ. Ian Curtis, akọrin wọn, di gbohùngbohùn mú. Àwọn tó ṣe ètò náà da àwòrán mìíràn bò wọ́n mọ́lẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ àti ìlú tó ń sáré kọjá, tí dúdú rẹ̀ di funfun, tí funfun rẹ̀ di dúdú, bí ìgbà tí a gbé nẹ́gẹ́tífù fọ́tò sókè sí ìmọ́lẹ̀. Àwọn kan gbà pé ó ba ìṣeré náà jẹ́. Èmi ò gbà. Ọwọ́ àwọn oníròyìn ni mo rí níbẹ̀: wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì, wọ́n mú ohun tó wà nílé, ohun tó wà nílé náà sì jẹ́ àwòrán ọ̀nà àti ìlú. Ó bá orin náà mu ju iná aláràbarà sítúdíò London lọ. Àwọn aládùúgbò ẹgbẹ́ náà ló sì ń wò ó.

Granada kan náà ló ṣe ètò Marc fún olórin Marc Bolan ní 1977. Nínú ètò kẹfà, tó jẹ́ ìkẹyìn, Bowie wá bá a. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ orin kan pọ̀, Bolan yọ̀ kúrò lórí pèpéle, Bowie rẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀. Wọn kò tún un yà. Ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ni Bolan kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ètò náà hàn. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní àkókò láti tún un yà dáadáa, ìṣubú yẹn kì bá tí sí, ẹ̀rín yẹn kì bá tí sí, àwa náà kì bá sì ní ohun tó ń mú omi bọ́ lójú wa.

Ìjà tí mo ní pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún ìṣeré wọ̀nyí gbé jáde kò ju ẹyọ kan lọ, kò sì kéré lójú mi. Wọ́n ń gé etí wọn. Orin nìkan ni wọ́n ń bù sílẹ̀, láti ìlù àkọ́kọ́ dé gìtá ìkẹyìn. Wọ́n yọ ìròyìn tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ atọ́kùn, wọ́n yọ ariwo èrò. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà nínú agolo. Nínú fíìmù Cavern, orin náà ti tán kí ohùn yẹn tó ta jáde. Ẹni tó bá gé e níbi tí gìtá ti dákẹ́ kò ní gbọ́ ẹni tó ń bèèrè Pete.