Àtúnsọ Àlọ́ fún Àwọn Ọmọdé: Láti Ilẹ̀ Ṣáínà dé Kagara àti Mínà

Nínú ìmọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, ohun tí ó ti gba àwọn onímọ̀ lọ́kàn jù lọ nípa àlọ́ ni bí a ṣe lè gbà á sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà kí wọ́n tó papò dà. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì ti rí èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kò tíì fi ojú lámèyítọ́ wò tó bí ó ti yẹ. Ìyẹn ni pé, lẹ́yìn tí a bá ti gba àlọ́ sílẹ̀ tán, báwo ni ó ṣe yẹ kí a tún un sọ nínú ìwé fún ọmọdé tí kò sí ní agbo tí wọ́n ti pa á? Kí ni a lè yí padà, kí sì ni a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Gidan Kwano, lójú ọ̀nà tí ó ti Mínà lọ sí Bídá, níbi tí ọgbà Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ wà, kò ní ṣàì mọ ìdí tí ìbéèrè yìí fi ká wa lára. Ilẹ̀ Gbàgyí ni ibẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí a bá bí síbẹ̀ ń gbọ́ Haúsá ní ọjà, ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni yóò ti bá Ìjàpá pàdé. Bí ìwé náà bá bu àlọ́ kù, àbùkù àlọ́ yẹn náà ni ọmọ yóò gbà pé baba ńlá òun pa.

Ọ̀nà jíjìn ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Duan Chengshi, tí ó kú ní ọdún 863, kọ ìwé kan tí ó pè ní Youyang Zazu. Inú rẹ̀ ni ìtàn Ye Xian wà. Ìyá ọmọbìnrin náà kú, baba rẹ̀ kú, ó sì ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ìyàwó baba rẹ̀, tí ó ń rán an lọ ṣẹ́gi níbi eléwu, tí ó sì ń rán an lọ pọnmi níbi tí omi ti jìn. Ó rí ẹja kékeré kan tí ojú rẹ̀ dàbí wúrà, ó ń tọ́jú rẹ̀ títí tí ẹja náà fi di ńlá nínú odò ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó baba náà gbé aṣọ ọmọ náà wọ̀, ó fi tan ẹja jáde, ó pa á, ó jẹ ẹ́, ó sì ri egungun rẹ̀ mọ́ inú ààtàn. Egungun yìí ni ó padà ń fún ọmọ náà ní ohun gbogbo tí ó bá tọrọ, títí dé bàtà wúrà tí ó bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, tí ó sì sọ ọ́ di aya ọba. Ó ju ẹgbẹ̀rin ọdún lọ lẹ́yìn èyí kí Charles Perrault tó tẹ ìtàn Cinderella jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1697.

Ohun méjì ni a fẹ́ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí nínú àkọsílẹ̀ Duan. Èkíní, ó dárúkọ ẹni tí ó pa ìtàn náà fún un. Ìránṣẹ́ ilé rẹ̀ àtijọ́ ni, Li Shiyuan, ọmọ agbègbè Yongzhou ní gúúsù ilẹ̀ náà. Ọ̀mọ̀wé ààfin ni Duan, síbẹ̀ kò tijú láti sọ pé ẹnu ìránṣẹ́ ni òun ti gbọ́ ọ. Èkejì, kò mú ìtàn náà dùn ju bí ó ti wà lọ. Òkúta tí ń fò ni ó pa ìyàwó baba náà àti ọmọ rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì sin wọ́n sínú kòtò olókùúta. Ọba tí ó fẹ́ Ye Xian pàápàá ṣe wọ̀bìà sí egungun ẹja náà, ó ń tọrọ ohun ọ̀ṣọ́ lójoojúmọ́ títí tí egungun náà kò fi dáhùn mọ́. Ọba onínúure tí a máa ń bá nínú ìwé àwòrán ọmọdé kọ́ ni èyí.

Nígbà tí Ai-Ling Louie tún ìtàn yìí sọ fún àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní 1982, tí Ed Young sì ya àwòrán rẹ̀, ojú ewé àtijọ́ tí a kọ ní èdè Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ fi han ọmọdé. Ó dá òkúta tí ń fò náà sí. Lójú tiwa, àpẹẹrẹ àtúnsọ tí ó ní àpọ́nlé ni. Ẹ wá fi wé Tikki Tikki Tembo tí Arlene Mosel tẹ̀ jáde ní 1968. Ìtàn ọmọ tí orúkọ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi tètè rí ẹni yọ ọ́ nínú kànga ni. Ìwé náà tà púpọ̀, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ inú rẹ̀ kì í ṣe orúkọ Ṣáínà, àwọn onímọ̀ sì ti fi hàn pé ìtàn ilẹ̀ Japan kan tí ń jẹ́ Jugemu ni ó jọ. Àwa tí a mọ ohun tí orúkọ jẹ́ kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnìkan bá hun sílébù tí kò ní ìtumọ̀ pọ̀, tí ó sì pè é ní orúkọ àbísọ Yorùbá nítorí kí ọmọ ọlọ́mọ lè rẹ́rìn-ín, a ó ha gbà bí?

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè ní àlọ́ kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò. Ilẹ̀ Ṣáínà fúnra rẹ̀ gba àlòjò àlọ́. Nígbà tí Sun Yuxiu bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé ọmọdé rẹ̀ ní nǹkan bíi 1909, ìtàn Whittington àti ológbò rẹ̀, tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ni ó fi ṣe ọ̀kan nínú èyí tí ó kọ́kọ́ jáde. Ọ̀nà tí a gbà gba àlejò sílé ni ọ̀rọ̀ wà.

Èyí ni ó mú wa dé Kagara, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Niger lónìí. Níbẹ̀ ni a bí Abubakar Imam sí ní 1911, ẹni tí ó padà di olóòtú àkọ́kọ́ fún ìwé ìròyìn Gaskiya Ta Fi Kwabo ní 1939. Rupert East, òyìnbó tí ń darí ilé-iṣẹ́ ìwé ìjọba ní Zaria, kó oríṣiríṣi ìwé ìtàn ilẹ̀ òkèèrè fún un: ti Lárúbáwá, ti àwọn ará Grimm ní Jámánì, ti Andersen ní Denmark. Láti inú wọn, pẹ̀lú ohun tí ó ti gbọ́ nílé, ni Imam ti hun Magana Jari Ce, ìwé apá mẹ́ta tí ó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1930. Orúkọ ìwé náà ń wí pé ọ̀rọ̀ ni ojú-owó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọgbọ́n ìsọ̀tàn Imam, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún wa. Odídẹrẹ́ ni ó fi ṣe apàlọ́. Gbòǹgbò ètò yìí ti wà ní ilẹ̀ Índíà láti ìgbà pípẹ́, ó sì ti ibẹ̀ dé ilẹ̀ Páṣíà, níbi tí Nakhshabi ti kọ ọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Nínú ti Índíà àti Páṣíà, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò ni odídẹrẹ́ ń fi ìtàn dá dúró lálaalẹ́ kí ó má baà lọ bá àlè. Imam gbé obìnrin àti àlè kúrò. Ọmọ ọba tí baba rẹ̀ lọ sójú ogun ni ó fi rọ́pò, tí ọmọ wàsírì sì ń tàn án pé kí ó jáde síbi ewu. Ìtàn kan náà ni, iṣẹ́ odídẹrẹ́ kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó ti di ohun tí a lè kà fún ọmọ ilé-ìwé ní Kontagora tàbí Katsina láìbojú wẹ̀yìn. Kò ké ẹ̀ka ìtàn sọ nù, ẹ̀ka mìíràn ni ó lọ́ sí ojú rẹ̀. Yorùbá tí ó pe ẹyẹ yìí ní ayékòótọ́ kò ní ṣàì gbádùn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ó gba ẹ̀mí là níbí.

Ibi tí a ti ní ìjà pẹ̀lú Imam ni pé ó nu ojú ẹsẹ̀ àwọn àlejò rẹ̀ nù pátápátá. Ó tó kí àwọn onímọ̀ ìgbà tiwa jókòó ti ìwé kí wọ́n tó mọ èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ Grimm wá. Bí ó bá jẹ́ pé ó fi gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀ bíi ti Duan, iyì rẹ̀ kò ní dín.

Ọ̀ràn kan náà yọjú nípa Cyprian Ekwensi, tí a bí ní Mínà gan-an ní 1921. Ọmọ Ígbò ni, ó gbọ́ Haúsá, baba rẹ̀ sì jẹ́ ọdẹ erin àti apàlọ́. Ó tún àlọ́ Ígbò sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú Ikolo the Wrestler ní 1947. Èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa mọ̀ jù ni An African Night's Entertainment ti 1962. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ Haúsá ti tọ́ka sí i pé ó jọ Jiki Magayi, ìwé Haúsá tí East àti Tafida kọ ní àwọn ọdún 1930, dé orí orúkọ ọmọ inú ìtàn náà, Kyauta. Èdè Ekwensi já gaara, ìtàn rẹ̀ sì ń sáré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń kà á kò mọ̀ pé ìwé Haúsá kankan wà ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé Haúsá náà ni ó yẹ kí ọmọ tí ń gbọ́ Haúsá ní Mínà kọ́kọ́ dì mú.

Ní ti Yorùbá, Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní 1973 ni òpó tí a fẹ̀yìn tì. Ohun tí a fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó fi orin àti ègbè sí àyè wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó tún àlọ́ wa sọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni kò ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé ẹwà lásán ni orin. Ẹ wo àlọ́ Ìjàpá tí ó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo. Inú rẹ̀ wú, ó padà sọ́dọ̀ babaláwo, orin ni ó sì fi bẹ̀bẹ̀. Nínú orin náà ni ó ti ń purọ́ pé òun kọsẹ̀, ọwọ́ òun kan ọbẹ̀, òun sì fi ọwọ́ kan ẹnu. Bí a bá yọ orin, a ti yọ irọ́ Ìjàpá; bí a bá yọ irọ́ náà, kò sí ohun tí ọmọdé yóò fi rẹ́rìn-ín mọ́, ẹjọ́ oúnjẹ jíjẹ lásán ni yóò kù. Ètò Tales by Moonlight tí NTA bẹ̀rẹ̀ ní 1984 lóye èyí, nítorí pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń sọ ìtàn, ó jẹ́ kí àwọn ọmọdé tí ó yí apàlọ́ ká gbe orin ní èdè abínibí. Àlébù iṣẹ́ Babalọlá, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀, ni pé ọmọ tí ó ti gbọ́ Yorùbá dájú ni ó lè kà á. Ọmọ Gidan Kwano kò tíì dé ibẹ̀.

Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìtàn Ye Xian pàápàá lè wúlò ní èdè Yorùbá, nítorí pé àlọ́ ọmọ orogún tí ìyálé ìyá rẹ̀ ń fìyà jẹ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí yóò bá tún un sọ kò nílò láti sọ Ye Xian di Àbẹ̀ní. Kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì dárúkọ Li Shiyuan àti Duan ní ojú ewé àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí yóò ṣe wà ní ibi tí ẹja ti ń jáde. Àkọsílẹ̀ Duan kàn sọ pé bí ọmọ náà bá dé etí odò, ẹja á yọ orí, bí ẹlòmíràn bá dé, kò ní yọjú. Apàlọ́ Yorùbá kò lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orin ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ fi pe ẹja, kí ìyàwó baba sì sá pamọ́ kọ́ orin náà, kí ó fi ohùn jíjọ kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ègbè rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, kí ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá tán lè gbè é.